Bí onílé àti éjẹ́ǹtì bá ń jà lórí owó ilé yín ní Àkúrẹ́

Owó ilé yín ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó pé. Bàbá onílé pè láti Èkó pé ẹ ò gbọdọ̀ san kọ́bọ̀ fún éjẹ́ǹtì mọ́, àkáǹtì òun ni kẹ́ ẹ san án sí. Kó tó di alẹ́, éjẹ́ǹtì náà pè: òun lòun fi yín sínú ilé, ọ́fíìsì òun lẹ ó sì san án sí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kẹ́ ẹ máa palẹ̀ ẹrù yín mọ́. Ẹ ò bá ẹnikẹ́ni jà, ẹ ò jẹ ẹnikẹ́ni lówó, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ wà láàárín.

Láti Ìjọ́ká dé Ọ̀bà-Ilé, ọ̀rọ̀ yìí ò ṣọ̀wọ́n. Lójú tèmi, agbègbè yunifásítì FUTA ló ti pọ̀ jù, ní South Gate, North Gate, Àúlé àti Apatapiti, nítorí pé ọ̀pọ̀ onílé ibẹ̀ ni kò gbé inú ilé wọn, éjẹ́ǹtì tàbí alábòójútó sì ni ayálégbé mọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú ni pé kò sí ẹni tó yàn yín ṣe adájọ́ láàárín wọn. Owó ni kẹ́ ẹ ṣọ́, kẹ́ ẹ sì ṣọ́ ìwé tí ẹ ó fi hàn lọ́la pé ẹ san án fún ẹni tó yẹ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ má tíì sanwó, ẹ mọ irú ìjà tó jẹ́

Ẹ fi sùúrù bi àwọn méjèèjì ní ìbéèrè, nítorí irú ìjà tó bá jẹ́ ló máa sọ ohun tí ẹ ó ṣe.

Ó lè jẹ́ pé onílé ti lé éjẹ́ǹtì. Ó lè jẹ́ pé éjẹ́ǹtì gba owó ayálégbé mìíràn ní èṣí tí kò fi jíṣẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé orí kọmíṣọ̀n ni wọ́n ti ń fà á: éjẹ́ǹtì fẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú owó ọdọọdún, onílé ní owó ọdún àkọ́kọ́ nìkan làwọn jọ sọ. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa parí ìyẹn. Gbèsè tí onílé jẹ éjẹ́ǹtì kì í ṣe gbèsè yín.

Bí onílé bá ti kú, ọ̀rọ̀ yí padà. Àṣẹ tó fún éjẹ́ǹtì bá a lọ. Ẹni tó bá ní ìwé ìṣàkóso ogún láti ilé ẹjọ́ gíga, tàbí ẹni tí ìwé ìhágún yàn, ló lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó ilé. Bó bá jẹ́ ilé ẹbí ni, ẹ béèrè olórí ẹbí. Kí àkọ́bí ọkùnrin kàn dé láti Abúja kó ní òun ni dáódù, kò tíì tó láti fi owó ọdún kan lé e lọ́wọ́.

Ó tún ku irú kan tí àwọn èèyàn kì í rántí: kí ẹni tó pè yín má jẹ́ onílé rárá. Gbájú-ẹ̀ tó bá gbọ́ pé ìjà wà nínú ilé kan lè fi nọ́ńbà tuntun pè, kó fi àkáǹtì ránṣẹ́, kó sì máa kánjú. Nọ́ńbà tó wà nínú àgírímẹ́ǹtì ni kẹ́ ẹ pè padà, ẹ má pe èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pè yín. Bí orúkọ tó jáde lórí àkáǹtì ò bá bá orúkọ onílé mu, ẹ dúró. Bí ẹ bá ní aládùúgbò tó mọ onílé lójú, ẹ bi í bóyá nọ́ńbà yẹn ni.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ kó ìwé yín jọ

Ẹ wá àgírímẹ́ǹtì, gbogbo rìsíìtì, àláàtì báǹkì, àti ọ̀rọ̀ tí ẹ bá àwọn méjèèjì sọ lórí WhatsApp. Ẹ ya àwòrán gbogbo rẹ̀, kẹ́ ẹ fi ẹ̀dà kan sí ibòmíràn yàtọ̀ sí fóònù yín.

Nínú àgírímẹ́ǹtì, ẹ wo orúkọ ta ni wọ́n kọ sí ipò onílé. Bó bá jẹ́ orúkọ bàbá, tí éjẹ́ǹtì sì buwọ́ lù ú “fún onílé”, a jẹ́ pé aṣojú ni éjẹ́ǹtì, ilé kì í ṣe tirẹ̀. Bó bá jẹ́ orúkọ éjẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ ló wà ní ipò onílé, ẹ ṣọ́ra. Àwọn kan wà tí wọ́n gba gbogbo ilé lọ́wọ́ onílé, tí wọ́n wá ń yá àwọn ẹlòmíràn ní yàrá kọ̀ọ̀kan. Lójú òfin, ó lè jẹ́ pé òun gan-an ni onílé yín, ìpàṣẹ bàbá lórí fóònù ò sì lè yí i padà bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé ìwé yẹn lọ fún lọ́yà kẹ́ ẹ tó san ohunkóhun. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ bí a ó ṣe máa san owó sí. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé àkáǹtì kan pàtó ni, ìwé tuntun tí wọ́n buwọ́ lù ni kẹ́ ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó yà kúrò níbẹ̀.

Bí ẹ ò bá ní àgírímẹ́ǹtì, ẹ má bẹ̀rù. Àìmọye èèyàn ló ń gbé Àkúrẹ́ lórí rìsíìtì nìkan. Rìsíìtì tó sọ pé owó ọdún kan ni, àti owó tó jáde nínú àkáǹtì yín, fi hàn pé ayálégbé ọlọ́dọọdún ni yín. Bí rìsíìtì bá sọnù, báǹkì lè tẹ àkọsílẹ̀ àkáǹtì yín jáde. Káàdì iná BEDC tí ẹ ti ń rà sórí mítà yàrá yẹn náà jẹ́ ẹ̀rí pé ẹ ń gbé ibẹ̀.

Ní ti WhatsApp: Òfin Ẹ̀rí ti 2011 gba ohun tó wá láti inú kọ̀ǹpútà àti fóònù ní ilé ẹjọ́, bí a bá tẹ̀lé ìlànà rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má pa ọ̀rọ̀ kankan rẹ́, àní èyí tí ẹ ti bínú sọ. Àwòrán ojú fóònù dára, ṣùgbọ́n ẹ tún fi gbogbo ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sínú ímeèlì yín, kó lè dúró bí fóònù bá bàjẹ́ tàbí bí wọ́n bá jí i.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ kọ̀wé sí àwọn méjèèjì, ọ̀rọ̀ kan náà

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. Wọn a pe onílé, wọn a ní “ó dáa, sà”. Wọn a pe éjẹ́ǹtì, wọn a ní “ó dáa, sà”. Nígbà tó bá di wàhálà, àwọn méjèèjì á ní ayálégbé ti ṣèlérí fáwọn.

Ẹ kọ́kọ́ pe bàbá, kẹ́ ẹ kí i dáadáa, kẹ́ ẹ sọ fún un pé lẹ́tà kékeré kan ń bọ̀, kí ọ̀rọ̀ má bàa dojú rú ni. Mo sọ èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ àgbà máa ń rò pé ẹni tó bá kọ̀wé sáwọn ti ń lọ kóòtù. Lẹ́yìn ìpè yẹn ni kẹ́ ẹ fi irú èyí ránṣẹ́:

“Ẹ káàsán o, Dádì. Èmi ni …, mo ń gbé yàrá àti pálọ̀ tó wà lókè lápá òsì nínú ilé yín ní àdúgbò …. Owó ilé mi tó ń bọ̀ yóò pé ní ọjọ́ …. Ẹ sọ fún mi lórí fóònù ní ọjọ́ … pé kí n má san owó fún Ọ̀gbẹ́ni … mọ́. Àwọn náà pè mí ní ọjọ́ … pé ọ̀dọ̀ àwọn ni kí n san án sí. Owó náà wà nílẹ̀, mo sì ṣe tán láti san án. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì buwọ́ lù ú, ẹni tí n ó san án fún àti nọ́ńbà àkáǹtì náà. Inú mi á dùn bó bá tẹ̀ mí lọ́wọ́ kó tó di ọjọ́ …. Mo ti fi irú lẹ́tà yìí kan náà ránṣẹ́ sí Ọ̀gbẹ́ni …. Ẹ ṣeun, sà.”

Ẹ yí i díẹ̀ fún éjẹ́ǹtì, kẹ́ ẹ sì ní kó fi ìwé àṣẹ tí onílé fún un hàn yín. Éjẹ́ǹtì tó ní ìwé yìí kì í bínú pé a béèrè rẹ̀. Èyí tí kò ní ín ló máa ń pariwo.

Ẹ wò ó pé lẹ́tà yẹn ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Kò sọ pé éjẹ́ǹtì jalè, kò sọ pé bàbá ò mọ nǹkan tó ń ṣe. Ó kàn sọ ọjọ́, ó sọ pé owó wà, ó sọ pé àwọn méjèèjì ló gba ẹ̀dà. Gbólóhùn “owó náà wà nílẹ̀” ni kẹ́ ẹ má yọ kúrò láéláé, torí òun ló ń gbà yín lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ sọ pé ẹ kọ̀ láti san owó ilé.

Bí wọ́n bá fèsì lórí fóònù dípò ìwé, ẹ gbọ́ ọ tán, kẹ́ ẹ wá tẹ ohun tí wọ́n sọ ránṣẹ́ sí wọn lójú ẹsẹ̀: “Ẹ ṣeun, sà. Gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe sọ fún mi ní aago mẹ́rin lónìí, ẹ ní kí n….” Bí wọn ò bá ta kò ó, ẹ ti ní nǹkan lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: owó náà

Ẹ yà á sọ́tọ̀ sínú àkáǹtì tí ẹ kì í fọwọ́ kàn. Ìjà wọn ò sọ owó ilé di ọ̀fẹ́. Ayálégbé tó fi ìjà yìí bojú, tó ná owó náà, ti fún onílé ní ẹ̀sùn gidi tó lè gbé lọ kóòtù.

Bí ìwé méjèèjì tó padà wá bá dárúkọ ẹnì kan náà, ẹ sanwó. Bí onílé bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ni kẹ́ ẹ san án fún, tó sì jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ ló wà nínú àgírímẹ́ǹtì, onílé ni kẹ́ ẹ san án fún, kí éjẹ́ǹtì máa bá a fa kọmíṣọ̀n rẹ̀. Láti ìgbà tí onílé bá ti sọ fún yín pé òun ti gba àṣẹ kúrò lọ́wọ́ éjẹ́ǹtì, orí ara yín ni kọ́bọ̀ tí ẹ bá san fún éjẹ́ǹtì wà.

Inú báǹkì ni kẹ́ ẹ gbà san án. Níbi àlàyé, ẹ kọ “owó ilé”, ọdún tó wà fún, àti yàrá tó jẹ́. Ẹ gba rìsíìtì lẹ́yìn náà, àlàáfíà ò ní kẹ́ ẹ má gbà á.

Ẹ má pín owó náà sí méjì. Mo mọ̀ pé ó máa ń wu èèyàn: ìdajì fún bàbá, ìdajì fún éjẹ́ǹtì, kí gbogbo wọn lè dákẹ́. Ohun tó máa ń bí ni pé ẹ máa jẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní ìdajì.

Bí ẹni méjì bá mú ìwé tó jọ òtítọ́ wá, bí àpẹẹrẹ àwọn ọmọ olóògbé tí wọ́n pín sí ọ̀nà méjì, ọ̀nà kan wà tí ọ̀pọ̀ ayálégbé ò mọ̀. Òfin gba ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ láyè láti gbé ọ̀rọ̀ náà wá síwájú ilé ẹjọ́, kó ní: owó rèé, tèmi kọ́, ẹ bá wa sọ ẹni tó ni ín. Owó náà á wà ní ìkáwọ́ kóòtù, ìjà á sì di tàwọn méjèèjì. Ó gba lọ́yà, ó sì ń náni lówó, nítorí náà, ẹ fi irú rẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbà tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn.

Bí ẹ bá ti san án fún éjẹ́ǹtì kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀

Èyí ló ń dun àwọn èèyàn jù. Ká ní owó ilé yín jẹ́ ₦400,000. Ẹ san án fún éjẹ́ǹtì ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá, bí ẹ ṣe ń ṣe lọ́dọọdún. Ní ọjọ́ 20, bàbá pè pé òun ò rí kọ́bọ̀, kẹ́ ẹ san án tàbí kẹ́ ẹ jáde.

Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì ni pé: nígbà tí ẹ san án, ṣé bàbá ti sọ fún yín pé éjẹ́ǹtì kì í ṣe aṣojú òun mọ́? Bí kò bá tíì sọ, tó sì jẹ́ pé ọwọ́ éjẹ́ǹtì yìí náà ni bàbá ti ń gba owó lọ́dún tó kọjá láìjanpata, owó tó dé ọwọ́ aṣojú ti dé ọwọ́ ẹni tó rán an. Ẹ ò ní san án lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi rìsíìtì àti àláàtì báǹkì ránṣẹ́ sí bàbá, kẹ́ ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́: “Dádì, owó náà ti dé ọwọ́ aṣojú yín ní ọjọ́ 3, ẹ̀rí rẹ̀ nìyí. Bí ẹ bá fẹ́ kí n jẹ́rìí sí i níbikíbi, mo ṣe tán.” Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn máa ń rọ bàbá lọ́kàn, torí ó fi hàn pé ẹ ò gbè sẹ́yìn éjẹ́ǹtì.

Ẹ yọ owó éjẹ́ǹtì àti owó àgírímẹ́ǹtì kúrò nínú ìṣirò yín. Wọn kì í ṣe owó ilé, bàbá lè máà mọ̀ pé ẹ san wọ́n rárá. Ẹ̀tọ́ yín ni láti mọ ẹni tí owó ìdúró, èyí tí wọ́n ń pè ní “caution”, wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí bàbá kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun mọ̀ nípa rẹ̀, nítorí pé ọjọ́ tí ẹ bá ń kó jáde lẹ ó béèrè rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé bàbá ti kìlọ̀, tí ẹ sì tún san án fún éjẹ́ǹtì nítorí pé ó halẹ̀, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ọwọ́ bàbá le jù tiyín lọ. Ẹ kọ̀wé sí éjẹ́ǹtì kó dá owó padà, kẹ́ ẹ fún un ní ọjọ́, kẹ́ ẹ sì bẹ bàbá kó gba owó náà díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi rí tiyín gbà.

Ẹ wò ó bóyá éjẹ́ǹtì náà forúkọ sílẹ̀. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ ìṣàkóso ilé wà lábẹ́ ESVARBON, ìgbìmọ̀ tí òfin ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1975, ẹgbẹ́ wọn sì ni NIESV. Bó bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ẹ lè kọ̀wé ẹ̀sùn sí ibẹ̀, ẹni tó bá sì mọ iyì ìwé àṣẹ rẹ̀ kì í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé ibẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé nọ́ńbà fóònù tó kọ sára ògiri lásán ni ọ́fíìsì rẹ̀, kóòtù tàbí àwọn àgbà àdúgbò ló máa mú un.

Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í halẹ̀

Òfin Èkó lórí ilé gbígbà, ti 2011, ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò kan Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹ má lọ kà á sí onílé yín létí.

Èyí tó kàn yín nìyí. Ẹ wo iye àkókò tí àgírímẹ́ǹtì yín sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín kẹ́ ẹ tó kó jáde. Bí kò bá sọ ohunkóhun, oṣù mẹ́fà ni ti ayálégbé ọlọ́dọọdún, oṣù kan ni ti olóṣooṣù. Lẹ́yìn tí ìyẹn bá pé, ìwé ọlọ́jọ́ méje tún wà tó sọ pé onílé ń lọ kóòtù láti gba ilé rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kóòtù. Ìwé kúìtì, ìyẹn ìwé tó ní kẹ́ ẹ kó jáde, tí éjẹ́ǹtì tí wọ́n ti lé bá kọ láì ní àṣẹ onílé, adájọ́ lè dà á nù. Síbẹ̀, ẹ má fa ìwé kankan ya, ẹ kọ ọjọ́ tó dé ọwọ́ yín sára rẹ̀, kẹ́ ẹ fi í pamọ́.

Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti ti ilẹ̀kùn mọ́ yín, láti ṣí páànù orí ilé, tàbí láti já wáyà iná yín. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1997 pé onílé ò gbọdọ̀ fi agbára lé ayálégbé, kóòtù ló gbọ́dọ̀ gbà. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ ya fọ́tò, ẹ pe aládùúgbò méjì kí wọ́n wá fojú rí i, kẹ́ ẹ tó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Bó bá sì jẹ́ àwọn ni wọ́n fi ọlọ́pàá mú yín nítorí owó ilé, ẹ fohùn pẹ̀lẹ́ rán wọn létí pé Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sọ pé a ò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí ọ̀rọ̀ àdéhùn lásán. Ẹ má buwọ́ lu ìwé kankan níbẹ̀ pé ẹ ó san owó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ pe lọ́yà tàbí ẹ̀gbọ́n yín.

Ta ni kẹ́ ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá?

Ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú alága ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò. Àwọn ló mọ bàbá, ojú wọn sì lè ti éjẹ́ǹtì. Ẹ ní kí wọ́n pe ìpàdé tí àwọn méjèèjì yóò wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí fóònù ni bàbá máa gbà wá, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ẹnì kan kọ ohun tí wọ́n bá fẹnu kò sí. Bí ẹ bá jẹ́ ọmọdé sí wọn, ẹ mú àgbà kan dání.

Bí ìyẹn ò bá yọrí, lọ́yà kan lè kọ lẹ́tà sí àwọn méjèèjì, lẹ́tà yẹn nìkan sì máa ń parí ìjà nígbà mìíràn. Ẹni tí agbára rẹ̀ ò ká lọ́yà lè lọ béèrè ní ọ́fíìsì Legal Aid Council tó wà ní Àkúrẹ́ bóyá wọ́n lè gba ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìkẹyìn ni kóòtù májísíréètì.

Bí wọ́n bá parí ìjà

Ẹ má jẹ́ kí ayọ̀ mú yín gbàgbé ìwé. Ẹ gba ìwé kan tí onílé buwọ́ lù, tó sọ ẹni tí ẹ ó máa san owó fún láti ìsinsìnyí, iye owó náà, ọjọ́ tí yóò máa pé, owó tí ẹ ti san sẹ́yìn tó sì gbà pé ó wọlé, ẹni tí caution wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ẹni tí ẹ ó pè bí ẹ̀rọ tó ń fa omi bá bàjẹ́ tàbí tí sọkaweè bá kún. Bí éjẹ́ǹtì àtijọ́ bá ṣì ní kọ́kọ́rọ́ géètì tàbí ti yàrá yín lọ́wọ́, ẹ ní kí onílé gbà á padà, tàbí kó gbà yín láyè láti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn, kó sì kọ ìyẹn náà sínú ìwé.